Kí Ìjà Tó Dé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Tó Ń Forúkọ Ilé-Iṣẹ́ Sílẹ̀ Lórí Àdéhùn Àwọn Alájọṣòwò

Sí Ọ̀gá Àgbà àti Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Àjọ Tó Ń Forúkọ Ilé-Iṣẹ́ Sílẹ̀ ní Nàìjíríà (CAC),
Àbújá.

Ẹ̀yin Ẹni Ọ̀wọ̀,

Ìdí tí lẹ́tà yìí fi wá síwájú Àjọ Tó Ń Forúkọ Ilé-Iṣẹ́ Sílẹ̀, tí ó sì fi wá sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, ni pé ìjà láàárín àwọn tó jọ dá òwò sílẹ̀ wà lára ohun tó ń tú òwò ká ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Nàìjíríà lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìjà wọ̀nyí jẹ́ èyí tí àdéhùn tó ṣe kedere, tí wọ́n kọ ní èdè tó yé tọ̀tún tòsì, ì bá ti dènà. Ohun tí lẹ́tà yìí ń bẹ Àjọ náà fún kò pọ̀: kí ó pèsè àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn kan ní èdè Yorùbá àti ní àwọn èdè Nàìjíríà mìíràn fún gbogbo ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá wá forúkọ òwò sílẹ̀ pọ̀, kí ìwé náà sì fi ìlàjà ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni àwọn alájọṣòwò ṣì fẹ́ràn ara wọn, tí kò tíì sí èrè tí wọn yóò jà lé lórí tàbí gbèsè tí wọn yóò tì sí ara wọn lọ́rùn, kò sì sí iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn tó ń bá wọn pàdé lọ́jọ́ náà bí kò ṣe Àjọ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ohun tí òwò àjọṣe jẹ́ yékéyéké. Gẹ́gẹ́ bí òfin ti túmọ̀ rẹ̀, òwò àjọṣe ni ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín àwọn ènìyàn tó jọ ń ṣe òwò kan pẹ̀lú èrò àtijèrè, ìtumọ̀ tó wá láti inú Òfin Òwò Àjọṣe tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1890, tí irú rẹ̀ sì wọ inú àkójọ òfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti 1959. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé kí irú òwò bẹ́ẹ̀ tó wà, nítorí pé bí ọ̀rẹ́ méjì bá da owó pọ̀ láti ra àǹkárá ní ọjà Balógun, tí wọ́n jọ ń tà á, tí wọ́n sì jọ ń pín èrè rẹ̀, òfin ti kà wọ́n sí alájọṣòwò, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Orúkọ òwò tí Àjọ náà ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú wọn lábẹ́ Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti 2020, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí CAMA, kò sọ òwò náà di ohun tó dá dúró lọ́tọ̀ sí àwọn tó ni ín, nítorí náà gbèsè tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ lórúkọ òwò lè di èyí tí wọn yóò torí rẹ̀ gba dúkìá ẹnìkejì. Kọ́ńpìnnì ní tirẹ̀ yàtọ̀, torí pé òfin kà á sí ẹni kan gedegbe tó lè ní dúkìá, tó lè jẹ gbèsè, tó sì lè pe ẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀, nígbà tí àwọn tó ni ín ń di apá tiwọn mú nípasẹ̀ ìpín ìdókòwò, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣíà.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn tó fẹ́ forúkọ òwò sílẹ̀ ń kún béèrè orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn àti irú òwò tí wọ́n fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò béèrè bí wọn yóò ṣe pín èrè, ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí owó ní báńkì, tàbí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kúrò. Ibi tí àwọn alájọṣòwò bá sì ti dákẹ́, òfin ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í sábà bá ohun tó wà lọ́kàn wọn mu. Bí kò bá sí àdéhùn, òfin 1890 sọ pé dọ́gba-dọ́gba ni wọn yóò pín èrè, dọ́gba-dọ́gba náà ni wọn yóò sì ru àdánù, kódà bí ẹnì kan bá mú mílíọ̀nù mẹ́rin náírà wá tí ẹnìkejì rẹ̀ sì mú ẹyọ mílíọ̀nù kan péré wá. Ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó sì ń tì í lálẹ́, kò ní ẹ̀tọ́ sí owó oṣù kankan nítorí iṣẹ́ náà. Àwọn tó pọ̀ jù lè fi ìbò borí lórí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè yí irú òwò náà padà tàbí mú ẹlòmíràn wọlé àfi bí gbogbo wọn bá gbà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè lé ẹnikẹ́ni jáde bí wọn kò bá ti kọ agbára bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn. Bí wọn kò bá sì dá ìgbà fún òwò náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè fòpin sí i nípa fífi tó àwọn yòókù létí lásán. Ìlànà wọ̀nyí kò burú fún ẹni tó mọ̀ wọ́n, tó sì yàn wọ́n. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ tán ni ọ̀pọ̀ alájọṣòwò ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa wọn lẹ́nu lọ́yà.

Àwọn tó ní kọ́ńpìnnì pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí, nítorí pé ìbò ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ìpinnu tó jẹ́ ti gbogboogbò ń fẹ́ ìbò tó ju ìdajì lọ, nígbà tí ìpinnu ńlá, irú bíi yíyí orúkọ kọ́ńpìnnì tàbí òfin inú rẹ̀ padà, ń fẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ènìyàn méjì bá pín ṣíà sí àádọ́ta-àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀ mọ́, kò sí èyí tó lè dá ìpinnu kankan ṣe, òwò yóò sì dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi díẹ̀ ju ìdajì lọ, ó lè yọ ẹnìkejì rẹ̀ kúrò ní ipò olùdarí láìṣẹ̀ sí òfin. Ẹjọ́ Ebrahimi àti Westbourne Galleries, tí House of Lords, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dá ní 1972, ṣàlàyé èyí dáadáa. Ebrahimi àti Nazar jọ ń ta kápẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí alájọṣòwò tó bára dọ́gba kí wọ́n tó sọ òwò náà di kọ́ńpìnnì ní 1958, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, ọmọ Nazar di olùdarí, àwọn méjèèjì sì fún un lára ṣíà wọn. Ní 1969, bàbá àti ọmọ pa ìbò pọ̀ láti yọ Ebrahimi nípò, níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé owó olùdarí ni wọ́n fi ń pín èrè fún ara wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́ tí ó kúrò nípò. Ilé-ẹjọ́ gbà pé ìyọnípò náà kò lòdì sí òfin, síbẹ̀ ó pàṣẹ kí wọ́n tú kọ́ńpìnnì náà ká, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òye tí wọ́n fi dá òwò náà sílẹ̀. Ebrahimi rí ìdájọ́ gbà, ṣùgbọ́n òwò náà kú, ohun tó sì fà á ni pé òye tí gbogbo wọn mọ̀ lọ́kàn kò sí nínú ìwé kankan. Òfin 2020 ti Nàìjíríà fún ilé-ẹjọ́ láyè láti ṣe ohun tó sàn ju títú ká lọ, nítorí pé ó lè pàṣẹ kí àwọn yòókù ra ṣíà ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, owó lọ́yà àti ọdún tí ẹjọ́ fi ń falẹ̀ lè ti jẹ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí tán.

Bí a bá wo ibi tí irú ìjà yìí ti ń hù jáde, orísun mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó mú owó wá àti ẹni tó mú iṣẹ́ wá, nítorí pé olówó gbàgbọ́ pé owó òun ló bí òwò náà, òṣìṣẹ́ sì gbàgbọ́ pé òógùn òun ló tọ́ ọ dàgbà, méjèèjì sì ní òótọ́ lẹ́nu. Èkejì ni owó tí kò ní orúkọ: ẹnì kan mú owó sílẹ̀ nígbà tí ọjà ń fẹ́ tán, ẹnikẹ́ni kò sì sọ bóyá àfikún owó ìdókòwò ni tàbí owó yíyá tí òwò gbọ́dọ̀ san padà. Ẹ̀kẹta, èyí tó ti gbilẹ̀ láti ìgbà tí fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ti gbòde, ni pé àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni àwọn oníbàárà ń sanwó sí, tó fi jẹ́ pé orí fóònù ẹni náà nìkan ni álàátì ti ń dún, owó oúnjẹ ilé rẹ̀ àti owó òwò sì dà pọ̀ mọ́ra wọn, títí tí ẹnìkejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹni tí wọ́n ń fura sí lè jẹ́ olóòótọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò ní àkọsílẹ̀ tó lè fi dá ara rẹ̀ láre. Àkáǹtì báńkì tó ń jẹ́ orúkọ òwò, ìfọwọ́sí ẹni méjì lórí owó tó bá ju iye kan lọ, àti ìṣirò tí gbogbo wọn ń jókòó tì lóṣooṣù ti tó láti pa ọ̀pọ̀ ìfura bẹ́ẹ̀ kí ó tó di ìjà.

Ikú ni ibi tí àìsí àdéhùn ti ń ṣe ìpalára tó burú jù, àwọn Yorùbá sì ní ìdí tó pọ̀ láti ronú sí i. Bí kò bá sí àdéhùn tó sọ òmíràn, ikú ọ̀kan nínú àwọn alájọṣòwò ti tú òwò náà ká lójú òfin, ẹni tó kù sì gbọ́dọ̀ ṣírò ìpín olóògbé fún àwọn tó jogún rẹ̀. Ta wá ni àwọn wọ̀nyí? Bí olóògbé kò bá kọ ìwé ìhágún, tí ogún rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ àṣà, wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, èyí tí í ṣe pípín ogún gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ fún un, tàbí ní orí-ojorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Alájọṣòwò tó kù lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn àgbà ẹbí, ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta àti àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣọ̀kan, tí oníkálukú wọn sì ń béèrè ẹ̀rọ, ọjà tàbí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ olóògbé pẹ̀lú wà nínú ewu, nítorí pé ẹni tó kù lè sọ pé gbèsè ló pọ̀ ju dúkìá lọ, wọn kò sì ní ìwé tí wọ́n lè fi jà. Gbólóhùn díẹ̀ tó sọ bí wọn yóò ṣe díye lé ìpín olóògbé, iye oṣù tí ẹni tó kù ní láti fi san án, àti ẹni tí wọn yóò san án fún, lè gba ìdílé méjì lọ́wọ́ ìṣọ̀tá tí yóò pẹ́ ju ayé àwọn tó dá òwò náà sílẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ìwé tí lẹ́tà yìí ń béèrè fún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn alájọṣòwò dáhùn ìbéèrè díẹ̀ tó ṣe pàtàkì: kí ni oníkálukú mú wá, yálà owó, ẹ̀rọ, ilé tàbí iṣẹ́ ọwọ́, èló sì ni gbogbo wọn gbà pé ó tó, báwo ni èrè àti àdánù yóò ṣe pín, ta ni yóò gba owó oṣù, ta ló lè jẹ gbèsè lórúkọ òwò, dé iye wo, ìgbà wo ni wọn yóò máa ṣe ìṣirò, báwo ni ẹni tó bá fẹ́ kúrò yóò ṣe kúrò, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kú, tàbí bí àìsàn bá dá a dúró. Fún ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba, ìwé náà tún lè fi ọ̀nà àbáyọ kan hàn tí àwọn oníṣòwò ń lò káàkiri àgbáyé, nínú èyí tí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pínyà yóò dárúkọ iye kan, tí ẹnìkejì yóò sì yàn bóyá òun yóò ta ìpín òun ní iye náà tàbí òun yóò ra ti ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé nínú ilé wọn, àbúrò ló ń pín nǹkan, ẹ̀gbọ́n ló sì ń kọ́kọ́ mú, tí ẹni tó ń pín kò fi ní lè pín in láìdọ́gba. Àmọ́ ó yẹ kí ìwé náà fún ẹni tó bá yàn láti rà ní àkókò tó tó láti wá owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi iye kékeré ra ìpín ẹni tí kò ní.

Èdè tí wọn yóò fi kọ ìwé náà ṣe pàtàkì tó ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, òfin wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé, èyí tó sọ pé ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ̀ka sí i, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ohun tí òfin yìí ń dáàbò bò ni òye, òye kò sì lè wà níbi tí ìyá oníṣòwò kan ti tẹ̀ka sí ojú ewé mẹ́wàá èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà nítorí pé ó gbọ́kàn lé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò. Bí ìwé náà bá wà ní èdè Yorùbá tó mọ́ gaara, àwọn tó ni òwò ni yóò kà á tàbí tí wọn yóò gbọ́ ọ, àwọn náà ni yóò sì jiyàn lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Àdéhùn kò lè dènà gbogbo ìjà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àwọn tó ń jà yóò kọ́kọ́ gbà lọ. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn alájọṣòwò máa ń nílò láti ṣì wà lọ́rẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìjà, nítorí pé oníbàárà kan náà, gbèsè kan náà, nígbà mìíràn ẹbí kan náà, ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà yàtọ̀ sí ẹjọ́. Ìlàjà ni èyí tí ẹnì kẹta tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, tí kò sì ní agbára láti dájọ́, yóò ti ran àwọn tó ń jà lọ́wọ́ kí wọ́n lè fúnra wọn wá ojútùú. Ìdájọ́ àyànṣe sì ni èyí tí àwọn méjèèjì yóò ti jọ yan onídàájọ́ tiwọn, tí wọ́n sì gbà ṣáájú pé ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Òfin Ìdájọ́ Àyànṣe àti Ìlàjà tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti fìdí ọ̀nà méjèèjì múlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ilé-Ẹjọ́ Onílẹ̀kùn-Púpọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ń fi ìlàjà àti ìdájọ́ àyànṣe sí abẹ́ òrùlé ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀, nígbà tí Ilé Ìlàjà Aráàlú, tó ti wà láti 1999, ń parí ìjà fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Ìyálọ́jà, Bàbálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà ní ipa tiwọn, ìdí sì nìyí tí lẹ́tà yìí fi kan àwọn náà. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà gbà nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe ní 1991 pé ìdájọ́ tí àwọn àgbà dá lábẹ́ àṣà lè de àwọn tó gbé ẹjọ́ wọn wá, bí wọ́n bá fínnúfíndọ̀ gbé e wá, bí wọ́n bá gbà pé àwọn yóò tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá sọ, bí wọ́n bá sì gba ìdájọ́ náà nígbà tí wọ́n dá a. Ó yẹ kí àwọn olórí ọjà máa kọ ohun tí wọ́n bá parí sílẹ̀, kí àwọn tó jà fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ìlàjà ọjọ́ náà má baà di àríyànjiyàn mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Àpẹẹrẹ rere sì ti wà nílé tí Àjọ yìí lè tẹ̀ lé. Láti 1935 ni òfin ti wà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í forúkọ sílẹ̀ láìní òfin inú ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, òfin wọn ti 1993 sì sọ pé aáwọ̀ tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ Olùdarí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, iléeṣẹ́ kan náà tó forúkọ wọn sílẹ̀. Òfin 2020 náà fi àyè sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ òfin inú ilé-iṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì lè gbà lò, ó sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ nínú Àjọ yìí tó lè gbọ́ ẹ̀sùn tó bá ti inú òfin náà jáde. Ohun tó kù ni kí àwọn tó ń forúkọ òwò lásán sílẹ̀, tí wọ́n jẹ́ mẹ̀kúnnù jù, má ṣe jẹ́ àwọn nìkan tí wọn yóò fi sílẹ̀ láìní àpẹẹrẹ kankan.

Àwọn kan yóò sọ pé kíkọ àdéhùn sílẹ̀ fi hàn pé ọ̀rẹ́ kò fọkàn tán ọ̀rẹ́. Èrò yìí lágbára láwùjọ, ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ kò tì í lẹ́yìn, nítorí pé ìgbéyàwó kì í wáyé láìsí alárinà, wọn kì í sì í ta ilẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ pé àìfọkàntánni ló mú ẹlẹ́rìí wá. Àwọn mìíràn yóò sọ pé kò tọ́ kí ìjọba dá sí àdéhùn àwọn aládàáni. Lẹ́tà yìí kò béèrè pé kí Àjọ náà pàṣẹ bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe pín èrè. Ó béèrè pé kí ìbéèrè wà níwájú wọn, kí ìdáhùn sì jẹ́ tiwọn, kí ẹni tó bá fẹ́ láti lo ìwé mìíràn sì ní òmìnira láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní àkótán, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ló wà níwájú Àjọ náà: kí ó gbé ìwé àdéhùn kúkúrú jáde ní Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ní àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ gbogbo, kí ìlàjà jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ àwọn ilé ìlàjà tí ìjọba mọ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì lo ìròyìn ọdọọdún tí àwọn oníṣòwò ń fi ránṣẹ́ sí i láti rán wọn létí pé kí wọ́n jókòó tún àdéhùn wọn wò. Títí ìgbà tí Àjọ náà yóò fi ṣe é, kí àwọn alájọṣòwò tó ń ka lẹ́tà yìí má ṣe dúró dè é, kí wọ́n jókòó lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè tó wà lókè yìí, kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, kí oníkálukú sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.